Ta Ni Ó Ṣẹ́ Irin Náà?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣe olùkọ́ rí, ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, èyí tí àwọn ọmọ fi ń fa omi láti inú kànga. Ọ̀pá irin gígùn kan ni ọwọ́ rẹ̀. A óò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, a óò sì gbé e sókè, kí omi tó yọ. Ó ti tó ọdún 20 tí àwọn ọmọ ti ń tẹ irin yìí ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó di ọjọ́ kan tí ó kán mọ́ ọmọdékùnrin kan lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ náà, ara rẹ̀ kò sì tóbi. Bí a ti sáré dé ibẹ̀ ni ó ń wí pé, "Èmi kọ́ o, sà! Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni, sà!" Ṣùgbọ́n irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nídìí ẹ̀rọ. A nà án, a sì pàṣẹ pé kí ó máa pọn omi láti odò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pọn ọ́n, kò sì tún bá wa jiyàn mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni a gbé irin náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kí ó bá wa jó o pọ̀. Bàbá náà kò tilẹ̀ tíì fi ọwọ́ kan ẹwìrì rẹ̀ tí ó fi pè wá pé, "Tíṣà, ẹ wá wo ojú irin yín." Ojú ibi tí irin ti kán ni ó ń fi hàn wá. Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúdú, ó ti dípẹtà, ó sì ń yọ̀ bí òkúta inú odò. Ibì kan ṣoṣo, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ni ó ń dán tí ó sì rí gbágungbàgun. Ó ní, "Irin yìí ti ń kán láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ibi tí ń dán yìí nìkan ni ó kù tí ó so ó ró. Ẹnikẹ́ni tí ìbá dé ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ìbá kán mọ́."

A kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti fi wá sílẹ̀: bí ohun tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún bá bàjẹ́ ní ọwọ́ ẹnì kan, ta ni ó bà á jẹ́? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí. A kò ní í dá ẹjọ́ náà kí a tó gbọ́ ti ẹlẹ́rìí. Nítorí àwọn amòye ilẹ̀ òkèèrè ti bá irin sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí fún ohun tí ó lé ní ọdún 180, irin sì ti dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, ọkọ̀ ojú-irin kan ń kó àwọn èrò tí wọ́n lọ wo ìran àjọ̀dún ọba Faransé ní Versailles padà bọ̀ wá sí Paris. Nítòsí Meudon, ọ̀pá irin tí ó so ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀ náà pọ̀ kán lójijì. Ẹ̀rọ náà ṣubú, àwọn ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé e gun orí ara wọn, iná sì mú wọn. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èrò láti ìta, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Àwọn tí ó kú ju 50 lọ. Ohun tí ó rú àwọn ènìyàn lójú nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pá irin a máa gbé ẹrù rẹ̀ lójoojúmọ́ láìyẹ̀, títí di ọjọ́ kan tí yóò kán bí ẹni pé amọ̀ ni a fi mọ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé ìmìtìtì ojú ọ̀nà ti yí ìwà irin padà, pé inú rẹ̀ ti di hóró-hóró bí iyọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Scotland kan, tí a ń pè ní Rankine, tí kò tíì pé ọdún 24, kò gba èyí gbọ́. Ní ọdún 1843 ó sọ ohun tí ó rí lára àwọn ọ̀pá tí ó ti kán: ní igun ibi tí ọ̀pá nípọn ti di tínrín ni sísán kékeré ti bẹ̀rẹ̀, tí ó yí i ká, tí ó sì ń jẹ wọ inú lọ, títí àárín tí ó ṣẹ́kù kò fi lè gbé ẹrù náà mọ́. Ohun tí alágbẹ̀dẹ wa rí gan-an ni ó rí. Ní ọdún 1903, Ewing àti Humfrey fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wo ojú irin dídán tí wọ́n ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Wọ́n rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nínú hóró irin náà, wọ́n rí i bí àwọn ìlà náà ti ń pọ̀ sí i tí wọ́n sì ń dúdú sí i, títí ọ̀kan nínú wọn fi di sísán. Gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ojú lásán kò tíì rí àbùkù kankan lára irin.

Láàárín àwọn wọ̀nyí ni Wöhler ti Jámánì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí ó parí ní ọdún 1870. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ọ̀pá irin lábẹ́ ẹrù, ó sì ń ka iye ìgbà tí ó yí kí ó tó kán. Ẹrù tí irin lè gbé lẹ́ẹ̀kan láìmira, bí a bá gbé e lé e tí a sì sọ̀ ọ́ kúrò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, yóò ṣẹ́ ẹ. Bí ẹrù náà bá fúyẹ́ sí i, yóò pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ṣì lè ṣẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ní àárẹ̀ irin, bí ẹni pé irin ni alágbàṣe tí oorun ń kùn. A óò tún padà sórí orúkọ yìí, nítorí ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà.

Títí dé ìhín, a ti mọ bí irin ti ń kán, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀ nígbà tí ó ń kán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ mú wáyà kan, kí ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn ní ibì kan náà nígbà mẹ́wàá, kí ó sì tètè fi ibi tí ó tẹ̀ náà kan ètè rẹ̀. Yóò bá a pé ó gbóná. Kò sí iná nítòsí. Láti ibo ni ooru náà ti wá? Láti apá akẹ́kọ̀ọ́ náà ni. Agbára tí ó fi tẹ wáyà ni ó di ooru, ooru náà sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Kí ó wá tún wáyà náà tọ́ padà: yóò tọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru náà kò ní padà sí apá rẹ̀, ṣe ni wáyà yóò tún gbóná sí i. Ẹ̀kọ́ nípa ooru àti iṣẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì yìí: pé agbára kì í parun, àti pé ní ọ̀nà tí ó gbà lọ, kì í gbà á padà.

Gbogbo agbára yìí kọ́ ni ó ń bá ooru jáde. Ní ọdún 1934, Taylor àti Quinney ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iṣẹ́ tí a fi lọ́ irin ni ó di ooru. Ìyókù fara pamọ́ sínú irin náà, ó sì da ètò inú rẹ̀ rú. Àwọn àgbà a máa tu ẹni tí ó pàdánù nínú pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Nínú ọ̀ràn irin, omi tí ń dànù díẹ̀díẹ̀ náà ni ó ń fọ́ agbè.

Nígbà tí sísán bá ti bẹ̀rẹ̀, ìṣirò míràn wọ inú ọ̀ràn náà. Griffith, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe é ní ọdún 1921, gíláàsì ni ó sì fi dán an wò. Ó ní kí sísán tó lè gùn sí i, ó ní láti dá ojú tuntun méjì sílẹ̀ nínú ohun tí ó ti jẹ́ ọ̀kan, ojú tuntun sì ní iye agbára tí a gbọ́dọ̀ san fún un. Níbo ni owó náà yóò ti wá? Láti inú agbára tí ó wà nínú ohun tí a fà, gẹ́gẹ́ bí agbára ti ń bẹ nínú ọrun tí ọdẹ fà tí kò tíì ta. Sísán kúkúrú kò lè tú agbára tí ó tó sílẹ̀, nítorí náà kò lè sáré. Bí ó bá ti ń gùn sí i ni agbára tí ó ń tú sílẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé ìwọ̀n kan tí owó ọwọ́ rẹ̀ ti ju gbèsè rẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀, kò tún dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Yóò sáré já ohun náà sí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ògiri lanu ni ó ń wó. Lẹ́yìn èyí ni Irwin àti Orowan fi hàn pé nínú irin, owó ojú tuntun wọ́n ju ti gíláàsì lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí irin a máa fà kí ó tó ya. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí gbogbo ìlà kékeré ara irin pa wá.

Ẹ jẹ́ kí a tún fi ojú yìí wo ọmọ tí a nà. Ọwọ́ tí ó fi tẹ irin ní ọjọ́ Ajé àti èyí tí ó fi tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò yàtọ̀. Gígùn sísán nìkan ni ó yàtọ̀, bóyá kò sì tó fífẹ̀ irun orí kan.

Ẹ̀rí tí ó kàn ni èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù. Clausius, ará Jámánì, ni ó fún ìṣirò kan ní orúkọ ní ọdún 1865. Ó pè é ní ẹ́ńtírópì. Nínú ọ̀ràn tiwa, báyìí ni a óò ti ṣe é: a óò mú ooru tí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí nínú irin, a óò pín in sí ìwọ̀n ìgbóná irin náà, tí a kà láti ìpìlẹ̀ òtútù tí kò sí òtútù míràn lẹ́yìn rẹ̀, a óò sì máa ro èyí tí ó jáde pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Ìwé ìṣirò yìí yàtọ̀ sí ti oníṣòwò, nítorí kò ní ojú-ewé fún owó tí ó wọlé; ìnáwó nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2010, Naderi, Amiri àti Khonsari, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n tẹ irin kan, wọ́n lọ́ òmíràn, wọ́n fa òmíràn. Wọ́n fi ẹrù wúwo ṣẹ́ àwọn kan kíákíá, wọ́n sì fi ẹrù fífúyẹ́ ṣẹ́ àwọn kan lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n ro ìnáwó kọ̀ọ̀kan pọ̀ láti títẹ̀ kìíní títí dé èyí tí ó ṣẹ́ ẹ, iye kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fún irú irin kan: bíi 4 fún alumíníọ̀mù tí wọ́n lò, àti bíi 60 fún irin tí kì í dípẹtà, bí a bá fi mẹ́gájúùlù wọn ọ́n nínú irin tí ó gùn, tí ó fẹ̀, tí ó sì ga ní mítà 1, fún ìwọ̀n kelvin kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni pé a fún irin kọ̀ọ̀kan ní owó kan ní ọjọ́ tí a rọ ọ́, tí a kò sì ní fi kọ́bọ̀ kan kún un láé.

A kò fẹ́ sọ ju bí a ti rí i lọ. Kì í ṣe gbogbo ooru ni ó ń pa irin lára. Irú ìgbóná kan wà tí kò fi àpá sílẹ̀ nínú rẹ̀, yíyà á sọ́tọ̀ kúrò nínú èyí tí ń bà á jẹ́ kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ yọ ìyẹn kúrò, ohun tí ó kù tó láti mú wa dákẹ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni a ti ń kọ ìwé ikú irin, ọwọ́ tí ó kọ ojú-ewé ìkẹyìn kò sì tóbi ju èyí tí ó kọ ti ìṣáájú lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé, Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ tí ó ti fa omi níbẹ̀ láti ọdún 20 ni ó jọ jẹ̀bi, ẹ pín in fún wọn lọ́gbọọgba. Àwa kò gbà. Ẹrù kò pín ìbàjẹ́ lọ́gbọọgba. Ọmọ ńlá tí ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ irin náà nítorí àwàdà lè ti ná ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ọmọ kékeré ná lọ. Wöhler sì rí i pé fún irin, ìwọ̀n ẹrù kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè gbé e lé e ní àìmọye ìgbà tí kò sì ní kán. (Àwọn tí wọ́n ti ka ìgbà náà dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́yìn rẹ̀ ti rí àwọn irin líle kan tí kò bọ̀wọ̀ fún ààlà yìí.) Nítorí náà kì í ṣe òótọ́ pé gbogbo ohun kékeré ni ó ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́ pé ohun kékeré kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ gbọ́dọ̀ ka ìṣirò.

Àti pé ta ni ó lè kà á? Níhìn-ín ni a rò pé ẹjọ́ náà gbé yí padà. Ẹni tí ń tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ kò lè rí ọrùn rẹ̀ níbi tí ó ń sán sí. Ẹni tí a fi ṣe olùtọ́jú lè tú u, kí ó nù ún, kí ó sì wò ó. Ní ọdún 1842, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé ohun kan wà láti wò. Lẹ́yìn náà, àìmọ̀ kò tún jẹ́ àwíjàre tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀ràn ọkọ̀ òfuurufú Comet ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le láti dá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1954, ọ̀kan nínú wọn fọ́ lókè òkun nítòsí erékùṣù Elba, gbogbo ènìyàn 35 inú rẹ̀ sì kú. Wọ́n dá àwọn ìyókù dúró, wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọn kò rí i. Wọ́n ṣe oríṣiríṣi àtúnṣe, wọ́n sì tún fi wọ́n fò ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, èkejì fọ́, ènìyàn 21 sì kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé odindi ọkọ̀ kan sínú àgbá omi ńlá ní Farnborough, wọ́n ń fi omi fún inú rẹ̀ wú, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀, bí ẹni pé ó ń gòkè tí ó sì ń sọ̀. Nígbà tí a ro fífò rẹ̀ tòótọ́ pọ̀ mọ́ ti inú omi, ní ìgbà 3,057 ni ara rẹ̀ ya. A kò ní pe àwọn tí ó dá wọn padà sókè ní apànìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn kò tíì rí ìdí ohun tí ó pa 35, tí ó sì sọ pé ó ti tán, kí ni ó fi dá a lójú? Wọ́n ti tún ohun gbogbo tí wọ́n fura sí ṣe. Ìṣirò tí ó ń lọ nínú awọ ọkọ̀ náà kò sì mọ̀ pé wọ́n fura sí nǹkan.

Ti afárá Silver Bridge ní Amẹ́ríkà rọrùn díẹ̀. Ọdún 1928 ni wọ́n ṣí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1967 ó wó sínú odò Ohio pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀, ènìyàn 46 sì kú. Sísán kan, tí kò jìn ju ìdámẹ́wàá íńṣì lọ, nínú ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọ̀pá irin tí ó gbé e ró, ni ó fà á, ní ibi tí ojú kò lè dé láìtú afárá náà palẹ̀. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé ọkọ̀ ta ni ó gun orí rẹ̀ kẹ́yìn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba wọn ṣe òfin pé kí a máa yẹ àwọn afárá wò káàkiri ilẹ̀ náà.

A ṣèlérí láti padà sórí orúkọ náà, àárẹ̀. Ènìyàn tí ó rẹ̀ yóò sùn, ilẹ̀ yóò mọ́, ara rẹ̀ yóò sì ti tún ohun púpọ̀ ṣe láìjẹ́ pé ó mọ̀. Irin kì í sùn. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ní ibi tí ó ti dúró ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀, àfi bí ìpẹtà bá ti sún un síwájú. Iná alágbẹ̀dẹ lè dẹ irin tí iṣẹ́ ti mú le, ṣùgbọ́n kò lè pa ojú sísán dé àfi bí a bá jó o pọ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ ṣọ́ra kí ó má fi irin ṣe àpẹẹrẹ ọmọ. Bí ó ti wù wá tó láti lò ó, a kò lò ó níbí. A kò mọ ẹni tí ó lè wọn ìnáwó ọkàn ọmọ, tàbí tí ó lè sọ pé kò sí ojú-ewé owó tí ó wọlé nínú rẹ̀.

Nígbà tí a ti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ dé, a pe ọmọ náà síwájú kíláàsì. A fi ojú irin hàn gbogbo wọn, a fi ibi tí ó dúdú àti ibi tí ó ń dán hàn wọ́n, a sì sọ pé àwa tí kò yẹ ẹ̀rọ wò láti ọjọ́ tí a ti dé ilé-ẹ̀kọ́ náà ni a jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Ó ní, "Kò burú, sà," ó sì lọ jókòó. A ra ọwọ́ tuntun sí ẹ̀rọ náà kí oṣù tó parí. Títí ọmọ náà fi kúrò lọ́dọ̀ wa, bí irin tuntun yẹn bá dún díẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀, yóò fi í sílẹ̀, yóò gbé garawa rẹ̀, yóò sì gba ọ̀nà odò lọ.